Àdúrà fún Ọba tí Kò Ní Ọ̀yọ́mèsì

Ẹ̀kọ́ òdì kan ń rìn kiri láàárín àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa ní Command, àti ní gbogbo ọ̀nà Ìpájà títí dé Ayọ̀bọ̀, ó sì tó àkókò kí ẹnìkan dá a dúró. Wọ́n ń sọ pé àwọn ará Ìjọ Àgùdà a máa gbàdúrà sí Póòpù. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ni ó sọ ọ́ ní kíláàsì Bíbélì mi, láìmikàn, bí ẹni tí ń ka ìṣirò tí ó ti mọ̀ sórí. Nígbà tí mo sì bi í léèrè ibi tí ó ti gbọ́ ọ, olùkọ́ ni ó dárúkọ. Kì í ṣe ọmọdé ni ó yẹ kí a bá wí. Àwa tí a gbé ìwé lé lọ́wọ́, tí a sì ní kí a máa kọ́ni, àwa ni kí a dáhùn.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kò ṣàì mọ̀ pé "sí" àti "fún" kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà ní èdè wa. Ẹni tí ó bá gbàdúrà sí ènìyàn ti sọ ọ́ di ọlọ́run. Ẹni tí ó bá gbàdúrà fún ènìyàn ti jẹ́wọ́ níwájú Ọlọ́run pé ènìyàn ni onítọ̀hún, pé ara rẹ̀ lè ṣàárẹ̀, pé ọkàn rẹ̀ lè ṣìnà, pé ikú yóò kan ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ọjọ́ kan. Nítorí náà, bí a bá ń wá ẹ̀rí pé àwọn Àgùdà mọ̀ pé ẹlẹ́ran-ara ni Póòpù wọn, kò sí ẹ̀rí tí ó tóbi ju àdúrà tí wọ́n ń gbà fún un lọ. Ohun tí a fi ń kẹ́gàn wọn gan-an ni ó ń dá wọn láre.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo fẹ́ kúrò níbi tí mo wà. Katikíìsì Áńgílíkà ni mí. Mo gba ohun tí Ẹ̀kọ́ Ìsìn 37 nínú àwọn 39 tí ó wà lẹ́yìn Ìwé Àdúrà wa wí, pé Bíṣọ́ọ̀bù Róòmù kò ní àṣẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì; mo sì gbà pé kò ní in ní Alímòṣọ́ pẹ̀lú, àfi lórí àwọn tí wọ́n fi ara wọn sábẹ́ rẹ̀. Ìjà méjì ni mo gbé wá. Ìkínní ni mo ń bá àwọn ará ilé mi jà, nítorí irọ́ tí wọ́n ń pa mọ́ aládùúgbò wọn. Èkejì ni mo ń bá àwọn Àgùdà fúnra wọn jà, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn a máa dárúkọ Póòpù, a máa yin Póòpù, a sì máa bú Póòpù, ṣùgbọ́n wọn kì í gbàdúrà fún un ní ti tòótọ́. Ìjà kejì yìí ni ó wúwo jù.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ní gbogbo Mísà tí àlùfáà wọn bá rú, yálà ní Róòmù tàbí ní Ìkòtún, ní àárín àdúrà ńlá tí ó ń gbà lórí àkàrà àti wáìnì, a máa dárúkọ Póòpù àti bíṣọ́ọ̀bù àdúgbò, pé kí Ọlọ́run rántí wọn pẹ̀lú gbogbo Ìjọ. Ní Èkó, láti oṣù karùn-ún 2025, Leo ni orúkọ àkọ́kọ́. Èkejì ni Alfred, èyíinì ni Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Alfred Adewale Martins, tí ó gba ipò náà ní 2012. Ǹjẹ́ kí ni ó ṣàjèjì nínú èyí? Àwa pẹ̀lú a máa dárúkọ bíṣọ́ọ̀bù wa nínú àdúrà, a kò sì tí ì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé a ń bọ ọ́.

Wọ́n tún ní àdúrà mìíràn, tí àwọn ènìyàn a máa fi pẹ̀lú èyí. A máa gbàdúrà "fún èrò ọkàn Póòpù", èyíinì ni fún àwọn ohun tí Póòpù tìkára rẹ̀ ń bẹ Ọlọ́run fún, tí a ń kéde lóṣooṣù. Ẹgbẹ́ tí ń bójú tó o bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Jésúìtì ní ilẹ̀ Faransé ní 1844. Àdúrà bẹ́ẹ̀ kì í ṣe fún Póòpù gan-an. Pẹ̀lú Póòpù ni a ń gbà á. Ó sì so mọ́ ọ̀rọ̀ ìdáríjì ìyà ẹ̀ṣẹ̀ tí Luther bá wọn jà lé lórí ní 1517, ìjà tí n kò ní tún gbé dìde níhìn-ín. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú ni pé ẹni tí ó bá ka Baba Wa ẹ̀ẹ̀kan fún èrò ọkàn Póòpù lè má tíì bẹ Ọlọ́run fún Póòpù rárá. Ẹni tí ó bá baálé gbé ẹrù kò tíì bi baálé bóyá ara rẹ̀ le.

Ǹjẹ́ èé ṣe tí àdúrà yìí fi ṣe pàtàkì fún wọn, ju bí tiwa fún bíṣọ́ọ̀bù wa ti ṣe pàtàkì lọ? Ìdí náà wà nínú ìtàn àwọn baba wa.

Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, Aláàfin ni aláṣẹ èkejì òrìṣà. Ta ni yóò bi í? Bẹ́ẹ̀ ni, ẹnìkan wà tí ń bi í. Ọ̀yọ́mèsì méje wà ní ìlú, Baṣọ̀run ni olórí wọn. Bí ọba bá di òǹrorò, tí ó ń ta àwọn ènìyàn rẹ̀ tàbí tí ó ń fi ẹ̀jẹ̀ ṣeré, wọn a gbé igbá òfìfo tàbí ẹyin odídẹrẹ́ ránṣẹ́ sí i, ọba a sì mọ̀ pé ìlú ti kọ òun, ilẹ̀ ti kọ òun. Aláàfin tí a bá kọ̀ báyìí kì í tún rí oòrùn púpọ̀ mọ́. Èmi kò yin àṣà náà tán. Baṣọ̀run Gáà fi agbára rẹ̀ ran Aláàfin ju ẹyọ kan lọ lọ sí ọ̀run, títí Abíọ́dún fi rẹ́yìn rẹ̀ ní nǹkan bí 1774. Ẹni tí ń ṣọ́ ọba pẹ̀lú ń fẹ́ ẹni tí yóò ṣọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹ kíyèsí i pé àwọn baba wa tí kò mọ ìwé mọ èyí dájú: kí a má ṣe fi orí kan ṣoṣo sílẹ̀ láìní ohun tí yóò dá a dúró.

Ìjọ Àgùdà kò ní Ọ̀yọ́mèsì. Òfin wọn wí pé kò sí ẹni tí ó lè ṣe ìdájọ́ Ìtẹ́ Àkọ́kọ́. Kò sí sínọ́ọ̀dù tí ó lè yọ Póòpù, kò sí ilé-ẹjọ́ tí a lè gbé e lọ, kò sí ọjọ́-orí tí a fi lélẹ̀ fún un pé kí ó fẹ̀yìn tì. Bíṣọ́ọ̀bù tiwa ní Nàìjíríà a fẹ̀yìn tì ní ọmọ 70 ọdún, àwọn ọmọ ìjọ tí kì í ṣe àlùfáà sì ní ohùn nínú sínọ́ọ̀dù. Póòpù lè kúrò bí ó bá wù ú, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ wù ú. Benedict XVI ṣe é ní ọjọ́ 28 oṣù kejì 2013, ṣáájú rẹ̀ ni Gregory XII ní 1415, ọdún tí ó wà láàárín méjèèjì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 600. Bí a bá tún ń sọ ti yíyan Póòpù, àwọn Kádínà tí kò tíì pé 80 ọdún nìkan ni wọ́n ń dìbò. Ní oṣù karùn-ún 2025, Kádínà 133 ni wọ́n wọlé. Nínú wọn, ọmọ Nàìjíríà kan ṣoṣo ni ó wà, Peter Okpaleke. Kádínà Onaiyekan, ọmọ Kábà, tí ó dìbò ní 2013, ti kọjá 80, ilẹ̀kùn náà sì ti sé mọ́ ọn.

Ẹ wá wo káfíńtà kan tí ó jẹ́ Àgùdà ní Ìgàndò, tàbí obìnrin kan tí ń ta aṣọ ní ọjà Ìkòtún. Kò ní ìbò. Kò ní igbá òfìfo tí yóò gbé ránṣẹ́. Bí ó bá kọ lẹ́tà sí Róòmù, ta ni yóò kà á? Síbẹ̀ ohun tí ọkùnrin kan bá kọ ní Róòmù ní òwúrọ̀, ó lè kàn án ní Ìgàndò kí ilẹ̀ tó ṣú. Kí ni ó kù fún un? Ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó kù, òun náà sì ni ọ̀nà tí ó ga jù: kí ó lọ bá Ẹni tí ó ju Póòpù lọ. Àwa ará ilé mi a máa wo àdúrà náà bí ìwà ẹrú níwájú ọ̀gá. Èmi rí i bí ẹ̀tọ́ kan ṣoṣo tí ọmọ ìjọ náà ní lórí olórí rẹ̀. Bí kò bá lò ó, ó ti sọ ọ́ nù.

Ẹnìkan yóò wí pé ọ̀rọ̀ Róòmù jìnnà sí wa. Kò jìnnà. Ní 1452, Póòpù Nicholas V fún Afonso V, ọba Pọtogí, ní ìwé àṣẹ pé kí ó gbógun ti àwọn Mùsùlùmí àti àwọn abọ̀rìṣà, kí ó gba ilẹ̀ wọn, kí ó sì sọ wọ́n di ẹrú títí láé. Ní 1455 ó tún fi ìwé mìíràn tì í lẹ́yìn. Ọkùnrin kan, kálámù kan, ìwé méjì. Èmi kò sọ pé òun nìkan ni ó dá òwò ẹrú sílẹ̀. Ojúkòkòrò àwọn òyìnbó àti ti àwọn ọba wa wà níbẹ̀, ogun tiwa sì ni ó ń kó àwọn ènìyàn wá sí etí òkun. Ṣùgbọ́n àwọn ọkọ̀ Pọtogí tí ń gba ọ̀nà náà kọjá rò pé Ìjọ ti súre fún wọn. Ní 1821 a kó ọmọdékùnrin kan tí ń jẹ́ Àjàyí ní Òṣógùn, ní 1822 a sì fi í sínú ọkọ̀ àwọn Pọtogí ní Èkó. Bí àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì kò bá gba ọkọ̀ náà lọ́nà, Bràsíìlì ni à bá máa bèèrè rẹ̀, a kì bá tí mọ Bíṣọ́ọ̀bù Crowther. Láti inú kálámù Nicholas dé ọrùn Àjàyí, 370 ọdún ni.

Àwọn Póòpù mìíràn sọ ọ̀rọ̀ tí ó dára ju èyíinì lọ. Paul III ní 1537 kọ̀wé pé a kò gbọdọ̀ sọ àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà di ẹrú. Gregory XVI ní 1839 dá òwò ẹrú àwọn aláwọ̀ dúdú lẹ́bi ní gbangba. Ní 1839! Àjàyí ti gba òmìnira tipẹ́, ó ti gba ìrìbọmi, ó sì ti ń kọ́ni ní Sàró. Nígbà tí ó di oṣù kẹta 2023 ni Róòmù tó wí ní kedere pé ẹ̀kọ́ tí àwọn òyìnbó fà yọ láti inú irú ìwé Nicholas wọ̀nyẹn, èyí tí wọ́n fi ń gba ilẹ̀ onílẹ̀, kì í ṣe ẹ̀kọ́ Ìjọ Àgùdà.

Ìbéèrè tí ó ń jẹ mí lọ́kàn ni èyí: ta ni ó gbàdúrà fún Nicholas ní 1452? Ẹ má ṣe sọ pé kò sí. Ní gbogbo Mísà ní gbogbo Yúróòpù ni a dárúkọ rẹ̀ ní ọdún náà. Orúkọ rẹ̀ wà lẹ́nu ẹgbẹẹgbẹ̀rún àlùfáà ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ó fọwọ́ sí ìwé náà. Níbí ni ìjà mi pẹ̀lú àwọn Àgùdà dé. Dídárúkọ kì í ṣe àdúrà. Ènìyàn lè gbọ́ orúkọ Póòpù ní Mísà lọ́jọ́ ìsinmi 52 lọ́dún kan, kí ọkàn rẹ̀ wà lórí ìrẹsì tí ó fi sílẹ̀ lórí iná. Èmi kò mọ ohun tí Ọlọ́run ìbá ṣe bí àwọn onígbàgbọ́ ìgbà náà bá ti fi omijé bẹ̀ Ẹ́ pé kí Ó di ọwọ́ olórí wọn mú. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹni tí ó bá ń gbàdúrà tọkàntọkàn fún olórí rẹ̀ yóò máa ṣọ́ olórí náà, yóò máa bèèrè ohun tí ó ń ṣe, kò sì ní sùn nígbà tí ìwé búburú bá jáde.

Ohun kan wà nínú ìtàn Èkó tí ó yẹ kí gbogbo katikíìsì mọ̀, ti ìjọ èyíkéyìí tí ó wù kí ó jẹ́. Orúkọ náà pàápàá, Àgùdà, ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ wa tí wọ́n ti oko ẹrú Bràsíìlì padà wá ni ó ti lẹ̀ mọ́ ìjọ náà. Nígbà tí wọ́n dé Èkó, wọn kò ní àlùfáà. Ọ̀kan nínú wọn, tí a ń pè ní Pa Antonio, òun náà tí ó ti jẹ́ ẹrú rí ní Bràsíìlì, kó wọn jọ sínú àdúrà lọ́jọ́ ìsinmi, ó sì ń tọ́ wọn. Kì í ṣe àlùfáà. Bí èmi náà ti wà ni ó wà. Fádà Borghero bẹ̀ wọ́n wò ní 1863, ṣùgbọ́n 1868 ni àlùfáà tó wá jókòó tì wọ́n. Ẹ rò ó wò. Àwọn tí ìwé Póòpù kan ti bá wọn nínú jẹ́ ni àwọn wọ̀nyí, tàbí ọmọ wọn, wọn kò sì kúrò nínú Ìjọ tí Póòpù ń darí. Nígbà tí Yorùbá kan tí ó jẹ́ Àgùdà bá kúnlẹ̀ fún Póòpù lónìí, fún ìtẹ́ tí ó ti pa á lára rí ni ó ń bẹ Ọlọ́run. Olùkọ́ tí ó bá fi irú àdúrà bẹ́ẹ̀ ṣẹ̀sín kò mọ ohun tí ó ń fi ṣeré.

Àwọn Àgùdà wí pé Póòpù ni ó jókòó sí ipò Pétérù. N kò bá wọn jiyàn lé e lórí níhìn-ín. Mo kàn fẹ́ kí wọ́n gba ọ̀rọ̀ náà dé òpin rẹ̀. Pétérù wo? Pétérù tí Olúwa tìkára Rẹ̀ gbàdúrà fún ní alẹ́ ọjọ́ tí a fi Í hàn, kí ìgbàgbọ́ rẹ̀ má baà yẹ̀, nítorí Ó mọ̀ pé kí àkùkọ tó kọ yóò sẹ́ Òun. Pétérù tí Hẹ́rọ́dù fi sínú túbú, tí ìjọ sì ń gbàdúrà fún un láìsinmi títí ẹ̀wọ̀n fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Pétérù tí Pọ́ọ̀lù bá wí lójúkojú ní Áńtíókù, nítorí ó bẹ̀rù àwọn ènìyàn tí ó sì fà sẹ́yìn nídìí oúnjẹ. Kò sí àpọ́sítélì tí Ìwé Mímọ́ fi hàn wá pé ó nílò àdúrà ju òun lọ. Bí Póòpù bá jẹ́ Pétérù ní tòótọ́, a jẹ́ pé ìjọ tí kò gbàdúrà fún un ti fi Pétérù sílẹ̀ nínú túbú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí a fi ojú wa rí. Ní ọjọ́ 18 oṣù kejìlá 2023, Róòmù gbé ìwé kan jáde pẹ̀lú ìfọwọ́sí Póòpù Francis, pé àlùfáà lè súre, láìṣe é bí ètò ìsìn, fún àwọn méjì tí ìbágbépọ̀ wọn kò bá òfin Ìjọ mu, títí kan ọkùnrin pẹ̀lú ọkùnrin àti obìnrin pẹ̀lú obìnrin. Ẹ rántí ariwo tí ó sọ! Ní ọdún Kérésìmesì yẹn, mo gbọ́ tí àwọn Àgùdà ń bú olórí wọn ní ibùdó ọkọ̀ Command, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí èmi tí n kì í ṣe tirẹ̀ kò jẹ́ sọ. Àwọn ará ilé mi dara pọ̀ mọ́ wọn tìlù-tìfọn. Mo bi ọ̀kan nínú wọn, ẹni tí mo mọ̀ dáadáa, pé ìgbà wo ni ó gbàdúrà fún Póòpù kẹ́yìn. Ó ní kí n fi òun sílẹ̀.

Àwọn bíṣọ́ọ̀bù Áfíríkà kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù kìn-ín-ní 2024, Kádínà Ambongo ti Kinshasa fọwọ́ sí ìwé kan ní orúkọ gbogbo wọn, pé kò ní rọrùn láti súre bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà láìfa ìkọ̀sẹ̀. Ó ti kọ́kọ́ lọ sí Róòmù lọ sọ ọ́, inú ìwé náà kan náà ni wọ́n sì ti tún ìdàpọ̀ wọn pẹ̀lú Póòpù sọ. Bí a ti ń bá ọba sọ òótọ́ nìyẹn láì tú aṣọ lára rẹ̀. Ọjọ́ tí a bá ń bá Póòpù jà gan-an ni ọjọ́ tí a gbọ́dọ̀ gbàdúrà fún un jù. Ọjọ́ tí inú wa dùn sí i, kí ni a ń bẹ̀bẹ̀ fún? Ẹni tí ó bá gbàgbọ́ pé olórí òun ń ṣìnà, tí ó ní ẹnu láti fi bú u ṣùgbọ́n tí kò ní orúnkún láti fi kúnlẹ̀ fún un, kò gbàgbọ́ pé Ọlọ́run lè yí ọkàn ènìyàn padà. Ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe ti Póòpù.

Francis yìí kan náà, ní alẹ́ ọjọ́ 13 oṣù kẹta 2013 tí a yàn án, nígbà tí ó jáde sí ojú fèrèsé ńlá, tí àwọn ènìyàn sì ń dúró de ìbùkún rẹ̀, ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbàdúrà fún òun. Ó tẹ orí ba, gbogbo gbàgede sì dákẹ́. Láti ọjọ́ náà, a máa parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀ kan náà. Nígbà tí òtútù àyà dá a dùbúlẹ̀ ní oṣù kejì 2025, wọ́n ń pé jọ lálaalẹ́ sí iwájú ilé-ìsìn Pétérù Mímọ́ láti bẹ Ọlọ́run fún un. Ó kú ní ọjọ́ 21 oṣù kẹrin, ọjọ́ kejì Àjíǹde.

Ẹ fi èyí wé ohun tí a ń rí ní Alímòṣọ́. Láti Ẹ̀gbẹ́dá dé Ìkòtún, àwòrán àwọn wòlíì àti àwọn olórí ìjọ kún ojú ọ̀nà, èkíní ga ju èkejì lọ. Gbogbo wọn ń pe àwọn ènìyàn wá gba àdúrà. N kò tíì rí ọ̀kan tí a kọ sí abẹ́ àwòrán rẹ̀ pé kí àwọn tí ń kọjá lọ gbàdúrà fún òun. Bí a bá ń wá ẹni tí a ń gbàdúrà sí, bóyá kí a má ṣe wò ó jìnnà tó Róòmù. Ohun yìí sì ti ń wọ inú ìjọ tiwa pẹ̀lú.

Mo mọ ìdáhùn tí àwọn ará Áńgílíkà ti mú dání. Wọn yóò rán mi létí pé Leo XIII, ní 1896, kọ̀wé pé oyè àlùfáà tiwa kò já mọ́ nǹkan kan. Òótọ́ ni. Ìwé náà dùn mí, ó sì ń dùn mí síbẹ̀, nítorí ó kan Crowther, ó kan àlùfáà tí ó ṣe ìrìbọmi fún mi. Ṣùgbọ́n láti ìgbà wo ni a ti ń dúró de kí ènìyàn yìn wá kí a tó gbàdúrà fún un? Olúwa ní kí a gbàdúrà fún àwọn tí ń ṣe inúnibíni sí wa. Bí a bá ka Póòpù sí ọ̀tá, àṣẹ náà kàn án. Bí a bá sì kà á sí arákùnrin, kí ni à ń jiyàn sí?

Àwọn baba wa nínú Ìjọ Gẹ̀ẹ́sì dán ọ̀nà kejì wò. Nínú Lítánì tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde ní 1544, àti nínú Ìwé Àdúrà ti 1549 àti ti 1552, wọ́n fi ẹ̀bẹ̀ kan sí i pé kí Olúwa gbà wọ́n lọ́wọ́ ìkà Bíṣọ́ọ̀bù Róòmù àti gbogbo ìríra rẹ̀. Àdúrà lòdì sí Póòpù nìyẹn, nínú ilé Ọlọ́run, ní ohùn rara. Ọbabìnrin Elizabeth mú un kúrò ní 1559, kò sì padà wọlé mọ́. Àwọn tí ń fi Póòpù ṣépè láàárín wa ń padà sí ohun tí Ìjọ wọn ti gé dànù láti nǹkan bí 470 ọdún.

Láti ìgbà náà ni nǹkan ti ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ní oṣù kẹta 1966, Paul VI bọ́ òrùka ọwọ́ rẹ̀ fún Michael Ramsey, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Canterbury. Ní oṣù karùn-ún 1982, John Paul II àti Robert Runcie jọ kúnlẹ̀ nínú ilé-ìsìn Canterbury, ibi tí a ti fi Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà, tí í ṣe ọjọ́ Pétérù Mímọ́. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹwàá 2025, Ọba Charles, tí í ṣe olórí Ìjọ Gẹ̀ẹ́sì nípa òfin, jókòó pẹ̀lú Leo XIV nínú àdúrà ní Róòmù. Bí ọba Gẹ̀ẹ́sì bá lè gbàdúrà pẹ̀lú rẹ̀, kò yẹ kí olùkọ́ kan ní Command máa bẹ̀rù láti gbàdúrà fún un.

Àǹfààní rẹ̀ kì í sì í ṣe ti Àgùdà nìkan. Nígbà tí John Paul II wá sí Nàìjíríà ní oṣù kẹta 1998, láti sọ Fádà Tansi di ẹni ìbùkún, Abacha ni ó wà lórí oyè, ẹ̀rù sì ba gbogbo ẹnu. Àlejò náà bẹ̀bẹ̀ fún àwọn tí ó wà lẹ́wọ̀n nítorí ọ̀ràn ìjọba. Obasanjo, ọmọ Ìjọ Onítẹ̀bọmi, wà nínú ẹ̀wọ̀n nígbà náà. Abiola, tí í ṣe Mùsùlùmí, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ohùn ẹnìkan tí ayé ń gbọ́ ni ohùn náà, ohùn náà kan náà tí ó lè ṣe bíi ti Nicholas. Leo tí ó wà níbẹ̀ nísinsìnyí mọ ilẹ̀ wa. Ó ti wá sí Nàìjíríà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nígbà tí ó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ Augustine, kí ó tó di bíṣọ́ọ̀bù ní Peru. Ẹni tí ó bá mọ ọ̀nà ilé ẹni, ó yẹ kí a fẹ́ kí orí rẹ̀ pé.

Olùkọ́ kan lè bi mí pé, bí òun bá fẹ́ fi í sínú àdúrà òwúrọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, orúkọ wo ni kí òun pè é, nítorí òun kò lè pè é ní Baba Mímọ́. Kò sí ẹni tí ó ní kí ó pè é bẹ́ẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù Róòmù ni Ìwé Àdúrà wa pè é, orúkọ náà sì tó. Bí ó bá wù ú kí ó pè é ní Leo, kò burú. Bí ó bá pè é ní Robert, orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́ ní Chicago ní 1955, Ọlọ́run mọ ẹni tí ó ń wí.